Ta Ló Ń Tan Gbogbo Ẹ̀ Pọ̀?

"Ta ló ń tan gbogbo ẹ̀ pọ̀?" Màmá, ẹni tó ni ilé búrẹ́dì, tún bi ọkùnrin tó pè wá. Ọkùnrin náà dúró síwájú tábìlì pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára aṣọ rẹ̀ àti nínú irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí. Aláàrò ni gbogbo ilé búrẹ́dì ń pè é, nítorí òun ló ń ṣe àkóso ààrò méjèèjì tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ó ní orúkọ mìíràn.

"Mo ní ta ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Mo ní kó o dá mi lóhùn."

Ìyàwó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì láàárín wọn, ó sì wù ú kó gbé e kúrò níbẹ̀ kíákíá, nítorí orí fóònù yẹn gan-an ni ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá Aláàrò lẹ́bi wà. Ìyàwó ti so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ ilé búrẹ́dì, ẹ̀rọ náà ló sì ń ròyìn fún fóònù bí wọ́n ṣe ń lo iná. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà kò dára. Ọjọ́ tí Ìyàwó bá wà níbẹ̀, tí òun àti Màmá jọ wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ń tan ẹ̀rọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe kọ́ wọn. Ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, bí iná bá ṣe ń dé báyìí ni ààrò méjèèjì, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, fìrísà àti pọ́ńpù omi máa ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ Ìyàwó nìyẹn. Ó ń bá àwọn oníṣòwò wá ibi tí iná àti epo wọn ń gbà ṣòfò, kí owó lè dúró lọ́wọ́ wọn, kí èéfín sì lè dín kù nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé jọ ń mí. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ oṣù tẹ́lẹ̀, Panápaná ni wọ́n sọ ọ́, torí pé kò lè rí gílóòbù tó ń tàn lásán kó má pa á. Níbí, Ìyàwó ni, nítorí àbúrò Màmá ló fẹ́. Ilé búrẹ́dì yìí ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dá dúró, ọkọ rẹ̀ ló sì bá a bẹ̀bẹ̀ kí Màmá tó gbà. Bó bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbí, ta ló tún fẹ́ gbà á síṣẹ́? Ẹni tí ilé ọkọ rẹ̀ kọ̀, kò mọ ibi tí yóò tún rí ìwé ẹ̀rí gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Àwọn oníná kì í wo iye iná tí ilé iṣẹ́ lò nìkan, wọ́n tún ń wo bó ṣe fà á tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà díẹ̀ tí gbogbo ẹ̀rọ bá jọ gbéra yẹn, òun ni wọ́n máa fi bu owó lé e fún gbogbo oṣù. Èyí tó tún burú jù ni pé wáyà ilé náà kò lè gbé e. Fíúsì á já, iná á wà nígboro, ilé búrẹ́dì á wà lókùnkùn, wọ́n á sì sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ yẹn, bó bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èéfín dúdú ló fi ń kí àdúgbò. Aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà kì í gbé aṣọ funfun kọ́ síta mọ́.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Ó ti yé mi. Mo ní kí wọ́n ṣe báyìí, o ní o ò ní ṣe. Ní Mọ́ńdè, mú kọ́kọ́rọ́ ilé ààrò wá fún mi. A ó wá ẹlòmíràn."

Aláàrò tẹrí ba. Ó ní Màmá ṣeun, ó sì jáde. Ìyàwó ń wò ó lọ. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ń dúpẹ́, nǹkan wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fi òróró pa pánù búrẹ́dì nínú. Ó sọ fún un pé òun kò dárúkọ rẹ̀ fún Màmá o, pé ohun tí òun rí lòun sọ, òun kò mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyẹn. Aláàrò ní òun mọ̀, kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìyàwó bi í bóyá kò gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́ ni. Ó ní òun gbà á gbọ́ dáadáa, pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ a máa sùn títí di ìrọ̀lẹ́, ojú òun kì í sì í ta òun.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń tan gbogbo ẹ̀ nígbà tí mi ò bá sí ńbẹ̀?"

Ó pa pánù kan títí, èyí tó ti pa tẹ́lẹ̀. "Ìyàwó wa," ó ní, "ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ iṣẹ́ fún."

"Ta ló rán yín?"

Kò sọ. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fún òun níṣẹ́, obìnrin yẹn fún òun. Òun ti jẹ iyọ̀ rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tó máa ti ẹnu òun jáde. Ló bá gbé pánù rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ìyàwó dúró níbẹ̀, ó ń ro gbogbo ẹni tó lè rán Aláàrò níṣẹ́ nínú ilé búrẹ́dì náà. Kò rí ju ẹyọ kan lọ. Ó ní kí orí òun má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó jáde. Ó yọ okùn áyọ́ọ̀nù tí kò sẹ́ni tó ń lò, ó tún padà lọ wò ó bóyá òun yọ ọ́ lóòótọ́. Ó pa gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ọkọ rẹ̀ sì ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

"Panápaná," ni ọkọ rẹ̀ wí látorí àga, "iná tó wà lójú mi ló kù. Ṣé o fẹ́ pa ìyẹn náà ni?"

Ó tan tẹlifíṣọ̀n padà fún un, ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń kúrò lójú ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ó rán an létí ohun tí kò gbàgbé: pé ikú ti mú àwọn òbí àwọn lọ kí òun tó lè wẹ ara òun, pé ẹ̀gbọ́n òun yìí ló fi búrẹ́dì rán òun nílé ìwé, pé ẹ̀gbọ́n náà ló sì bá òun fẹ́ ìyàwó. Ó ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó ti jẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ wọn ni, òṣìṣẹ́ wọn ni, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jẹ iyọ̀.

"Tí wọ́n bá lé Aláàrò," ni Ìyàwó dáhùn, "tí ẹlòmíràn dé, tí nǹkan kan náà tún ń ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á tún lé ìyẹn. A ò kàn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá báyìí?"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn ni ẹ̀tẹ̀?"

Ìyàwó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Wọ́n jókòó sínú òkùnkùn yàrá náà bí ẹni tó ń fi owó iná pamọ́.

Nígbà tó di Sátidé, ó lọ kí Màmá nílé. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún Aláàrò ni, pé òun kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò síná lọ́sàn-án náà; wáyà kan náà ló ń gbé iná wá sí ilé Màmá àti ilé búrẹ́dì. Màmá ti jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn láti rí i. Ó fún un lómi mu, ó ní kó má bínú pé kò tutù, ó béèrè àwọn ọmọ, ó ní ó ti rù jù, ṣé àbúrò òun kì í jẹ́ kó jẹun ni. Bí Màmá ṣe máa ń ṣe é nìyí, inúure rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí àyè sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wá.

Ó ṣe díẹ̀ kí Ìyàwó tó dárúkọ Aláàrò. Màmá mí kanlẹ̀. Ó ní kò dùn mọ́ òun náà, pé ọkùnrin yẹn ti pẹ́ lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n agídí ti wọ̀ ọ́.

"Ìwọ ò mọ ohun tójú mi ti rí lórí iná," ni Màmá wí. "Nígbà tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ààrò kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ kan, a ti po ìyẹ̀fun sílẹ̀, a ń retí iná. A retí, a retí. Ni mo bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun. Wọn ò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ tí iná fi dé. Èmi nìkan ni mo wà ńlé. Kí n tó ṣe èyí, kí n tó ṣe tọ̀hún, ó tún ti lọ. Kò sì padà. Gbogbo ìyẹ̀fun yẹn kan, ó ń rùn. Mo jókòó tì í, mo ń sunkún bí ọmọdé. Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti dé báyìí..."

Iná dé. Fáànù òkè ilé gbọn ara rẹ̀, fíríìjì kùn nínú yàrá ìdáná, gílóòbù tó wà níwájú ilé tàn lójú oòrùn. Màmá kò tilẹ̀ yí ojú. Ó na ọwọ́ sí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí.

"Iná ti dé. Ẹ tan gbogbo ẹ̀."

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí itan, nítorí fáànù ti ń fẹ́. "Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?"

Ìyàwó wò ó. Kò sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ tó kàn họra, tó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Gbogbo bí Ìyàwó ṣe ti ń ro ó láti ọjọ́ yẹn, kò ro ó dé ibi pé Màmá kò mọ̀.

"Màmá, ta lẹ pè?"

"Mo pè? Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí."

"Ṣebí àwọn ilé búrẹ́dì ni. Mo kàn ní kí wọ́n mọ̀ pé iná ti dé ni."

Ìyàwó wo ife omi rẹ̀. Ó lè mu omi rẹ̀, kó dúpẹ́, kó máa lọ. Ní Mọ́ńdè, Aláàrò á kó ẹrù rẹ̀, òun á gba ẹ̀tọ́ òun, kò sì sẹ́ni tí yóò dá òun lẹ́bi nínú ẹbí. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó rántí ojú ọkọ rẹ̀. Ó rántí ọkùnrin yẹn tó ń pa òróró sí pánù tó ti pa tẹ́lẹ̀. Ló bá dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tàn án."

"Mo ń tan kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀rọ yẹn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń tan gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí wọ́n tan gbogbo ẹ̀. Mo gbọ́ ọ báyìí. Ẹ sọ ọ́ lójú mi."

Fáànù ń yí lókè orí wọn. Màmá yí ojú sí fóònù rẹ̀, ó tún yí i sí Ìyàwó.

"Èmi tí mo jókòó sínú ilé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Aláàrò ò lè kọ̀ fún yín. Kò sì lè sọ fún yín."

"Òun ló rán ọ wá?"

"Rárá. Mo bi í, ó ní òun ti jẹ iyọ̀ yín."

Màmá gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́. Ìyàwó retí ìbínú. Ó retí kí ó sọ pé ta ló bí i dáadáa tó fi wá ká àgbà mọ́ ilé rẹ̀. Ìbínú kò wá. Màmá kàn ní kó dìde, kó máa lọ sílé, pé ó rẹ òun. Kò pè é ní ìyàwó wa bó ṣe máa ń ṣe. Kò pè é ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá pe ọkọ Ìyàwó lórí fóònù. Ìyàwó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà, ó dáa mà, a dúpẹ́ mà. Òrùlé tó ń jò ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. Màmá kò dárúkọ ilé búrẹ́dì rárá, àìdárúkọ rẹ̀ yẹn ló sì dẹ́rù bà á jù. Ìyàwó wá sọ ibi tó lọ fún ọkọ rẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bínú. Kò pariwo, ó kàn dìde, ó jáde lọ, ó pẹ́ níta. Ìyàwó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Ó yọ okùn gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé, ó tún ń kiri, ó ń wá èyí tó kù.

Ní Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó lọ. Ó ń rìn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ yọ ẹ̀rọ òun kúrò lára wáyà wọn ni, kó tó di pé wọ́n yọ ọ́ dànù.

Ó bá Màmá nínú ilé ààrò. Kò rí i níbẹ̀ rí. Ọ́fíìsì ni Màmá máa ń dé sí, ó sì ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ibi tí ìyẹ̀fun ti ń fò. Ó gbé àga kan síwájú ògiri tí gbogbo súìṣì wà, ó jókòó sórí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá bá dúró sójú títì. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí i. Màmá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri.

Aláàrò dé. Ó ti wọ aṣọ tó mọ́, aṣọ ẹni tí kò wá ṣiṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Màmá.

Màmá wò ó títí. "Kí ni kí n fi í ṣe?"

"Ẹ ní kí n mú un wá, Màmá."

"Ṣé èmi ni n ó wá máa ṣí ilé ààrò ní ọjọ́ orí mi yìí? Kí ló dé tó o fi wọ aṣọ òde wá síbi iṣẹ́? Wò ó, lọ pààrọ̀ aṣọ rẹ, ìyẹ̀fun ti ń wú."

Ohun tó sọ nìyẹn. Bí Ìyàwó bá ń retí pé àgbà yẹn á sọ pé kó má bínú, yóò retí títí. Ṣùgbọ́n Aláàrò kò retí rẹ̀. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò, ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, nígbà tó sì jáde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó sọ fún ẹni tó bi í pé ìyẹ̀fun ni.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń retí iná. Màmá kò lè jókòó dáadáa. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí fóònù máa ń wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì fà á padà. Ẹnì kan béèrè fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá kí àwọn lọ bá a mú un wá. Ó ní òun fi í sílé, kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Iná dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹ́ sáré, wọ́n rántí, wọ́n dúró. Gbogbo ojú lọ sára Màmá. Aláàrò na ọwọ́ kọjá lókè orí rẹ̀, ó tan ààrò kan, ó sì fà sẹ́yìn. Ààrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn yòókù dákẹ́.

Màmá ti dìde tán kó tó mọ̀. "Èkejì ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ gbóná ná, Màmá."

Ó jókòó. Òógùn ti bo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ààrò kò tíì móoru. Ó pe Ìyàwó súnmọ́ ara rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà gbọ́.

"Ìyàwó wa, tí iná bá wá lọ ńkọ́?"

Ìyàwó lè sọ pé kò ní lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún àgbà kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. "Ó lè lọ, Màmá," ó wí. "Ṣùgbọ́n tó bá lọ, ìyẹ̀fun díẹ̀ ló máa kan. Kò ní jẹ́ gbogbo ẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà ńbẹ̀."

Màmá mi orí. Ojú rẹ̀ tún ti padà sí ògiri, sí àwọn súìṣì tí wọn kò tíì tàn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti tún ń gbéra lórí itan rẹ̀.

"Gbé àga kan wá, kó o jókòó tì mí," ó ní. "Di ọwọ́ mi mú, kí n má baà dìde."

Ìyàwó gbé àga wá. Ó di ọwọ́ náà mú ní àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tó ti le látinú iṣẹ́ ọdún pípẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ jókòó níwájú ògiri náà títí búrẹ́dì àkọ́kọ́ fi jáde.